Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá jẹjẹrẹ: kí oníṣòwò mọ ohun tí owó rẹ̀ ń rà

Láwọn ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ó ti di àṣà kí wọ́n máa di oríṣiríṣi àyẹ̀wò pọ̀ bí ẹni di ẹrù ọdún, kí wọ́n sì dá iye owó kan lé gbogbo rẹ̀ lórí. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ti kíndìnrín náà wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, yóò rí PSA, CEA, CA-125 tàbí AFP, wọ́n á sì sọ fún un pé àwọn yẹn ló ń wá jẹjẹrẹ. Oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú ẹni tí wọ́n jọ ń tajà dé kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sanwó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ní kò sí nǹkan, ọkàn òun balẹ̀ dọ́dún tó ń bọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí, kì í ṣe pé wọ́n ṣe é láti fi sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá pé kò ní jẹjẹrẹ. Wọ́n ń fi ṣọ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní in ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ tàbí àrùn náà tún ti ń padà bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè pàdánù lọ́nà méjì. Ó lè máa fi owó òwò rẹ̀ lé iye kan tó ga lórí ìwé, tí kò sì sí nǹkan kan nídìí rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ìwé tó dára lè mú kó jókòó sílé nígbà tí kókó kan ń dàgbà lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba ìsinmi àìsàn, kí owó oṣù rẹ̀ ṣì máa wọlé. Ní ti aránṣọ, aláta tàbí ẹni tó ń tẹ̀wé, ọjọ́ tí kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni owó dúró.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Gbogbo ẹ̀yà ara ló ń da nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀, yálà ara èèyàn dá tàbí kò dá. Ẹ̀dọ̀ ń dà, ìfun ń dà, ilé ẹyin obìnrin ń dà. Bí jẹjẹrẹ bá hù sí ẹ̀yà kan, ó lè mú kí ohun tó ń dà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kó tún máa da èròjà tí kò yẹ kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà mọ́. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n nílé àyẹ̀wò nìyẹn. Àmì ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Èéfín ni wọ́n rí, wọn ò tíì rí iná, bẹ́ẹ̀ sì ni lójú ẹni tó wà lókèèrè, èéfín ilé ẹni tó ń sun ẹran kò yàtọ̀ sí ti ilé tó ń jó.

Oníṣòwò ló yẹ kó tètè lóye èyí. Bí àlejò kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Túsìdeè kan ṣoṣo, tó ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀, kò lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá òwò náà ń gbèrú tàbí ó ń kógbá wọlé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó ọjà tí wọ́n kó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó rí i pé owó tó ń wọlé ń dín kù lóṣooṣù, kò nílò kí ẹnikẹ́ni dífá fún òun. Lára ẹni tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, àmì inú ẹ̀jẹ̀ di àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà. Lára ẹni tí ohunkóhun kò ṣe, owó inú dúrọ́ọ̀ ọjọ́ kan ni.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ àwọn àmì yìí ti bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1845, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkùnrin oníṣòwò kan nílùú London, ẹni ọdún 45 tí egungun ń dùn gidigidi, fi ìtọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà kan tó gbọ́n nípa kẹ́míkà, Henry Bence Jones. Bence Jones rí i pé èròjà kan wà nínú ìtọ̀ náà tó ń yọ́ bí wọ́n bá gbé e kaná, tó sì tún ń dì bó bá tutù. Ọkùnrin náà kú lọ́jọ́ kìíní ọdún 1846. Wọ́n padà mọ̀ pé jẹjẹrẹ tó ń bá mùdùnmúdùn inú egungun jà ló pa á, èròjà náà sì ni àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí fún jẹjẹrẹ kankan. Títí di òní, wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n, nínú ìtọ̀ àti nínú ẹ̀jẹ̀, lára àwọn tó ní àrùn náà.

Ẹni tó fi hàn gbangba pé ṣíṣọ́ ni àwọn àmì yìí wúlò fún jù ni Min Chiu Li, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìjọba Amẹ́ríkà tó wà fún ìwádìí jẹjẹrẹ, nílùú Bethesda. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ní irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń hù láti ara ibi ọmọ, ìyẹn olóbi. Jẹjẹrẹ náà máa ń da hCG síta, èròjà kan náà tí bébà àyẹ̀wò oyún tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ń wá. Bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́, kókó náà á pòórá lójú àwòrán, aláìsàn á dìde, á máa jẹun, àwọn dókítà yòókù á sì ní kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró. Li kò gbà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí hCG bá ṣì wà nínú ara, àrùn náà kò tíì lọ, ó sì ń fún wọn lóògùn lọ títí èròjà náà fi tán. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ pé ó ń fi aláìsàn dánra wò, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n dá oògùn wọn dúró ní kánmọ́ ni àrùn ń padà sí lára, àwọn tí Li tọ́jú dé òpin kò sì ní i mọ́. Lọ́dún 1972, òun náà wà lára àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ Lasker. Ẹnu kì í kọ ìròyìn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo orúkọ tó wà lórí ìwé àyẹ̀wò náà, PSA ló kan ọkùnrin Yorùbá jù. Próstéètì ni ẹran kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó tóbi tó àgbálùmọ̀ kékeré, tó sì máa ń wú bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. PSA ni èròjà tó ń ṣe. Ọdún 1970 ni Richard Ablin kọ̀wé nípa èròjà tó jẹ́ ti próstéètì nìkan; lọ́dún 1979 ni Ming Chu Wang àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú Buffalo ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ sọ́tọ̀ pátápátá. Ọdún 1986 ni àjọ FDA, tó ń ṣe fún Amẹ́ríkà irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà náà ni kí wọ́n fi máa ṣọ́ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ próstéètì. Ọdún 1994 ni wọ́n tó gbà kí wọ́n máa fi ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti wá a lára ẹni tí wọn ò tíì rí i lára rẹ̀. Ablin fúnra rẹ̀ kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn New York Times lọ́dún 2010 pé kò dára bí wọ́n ṣe ń fi àyẹ̀wò náà ká gbogbo ọkùnrin mọ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ẹni tó wà nídìí ọjà máa ń sọ fún oníbàárà pé kó má rà á báyìí.

Ohun tó ń mú PSA ga pọ̀. Jẹjẹrẹ lè mú un ga. Próstéètì tó kàn wú nítorí àgbà lè mú un ga. Àkóràn inú ìtọ̀ ń mú un ga, bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀. Bí ọkùnrin bá sùn ti ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú àyẹ̀wò, ó lè ga díẹ̀, bí ó sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ ọ̀nà jíjìn, ó lè rí bẹ́ẹ̀. (Kẹ̀kẹ́ Márúwá kọ́ là ń wí.) Lódì kejì, oògùn finasteride tí wọ́n ń lò fún próstéètì tó wú máa ń dín iye náà kù tó ìdajì, nítorí náà ẹni tó ń lò ó tí kò sọ fún dókítà lè gba ìwé tó dára lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan ò dára. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọkùnrin pé nínú mẹ́rin tí PSA wọn ga, nǹkan bíi mẹ́ta ni kò ní jẹjẹrẹ rárá. Bẹ́ẹ̀ nínú méje tí tiwọn kò ga, ọ̀kan lè ní in.

Ká sọ pé bàbá kan wà, ẹni ọdún 58, tó ń ta irin àti páànù. Ara rẹ̀ le, ó ń gbé ẹrù, ó ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì kọ PSA 6 fún un, nígbà tó jẹ́ pé 4 ni ilé àyẹ̀wò náà fi ṣe ààlà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀. Yóò rí dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ̀, yóò tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n lè ní kó lọ ya àwòrán MRI, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú ẹran próstéètì náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè mọ̀ dájú. Abẹ́rẹ́ náà lè mú ẹ̀jẹ̀ wá, ó lè mú àkóràn wá. Bí wọ́n bá tún wá rí jẹjẹrẹ níbẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tó ń rìn bí ìgbín, tí kò ní pa á títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá fi yọ irú èyí lè sọ ọ́ di ẹni tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀, tàbí ẹni tí kò lè bá obìnrin lò mọ́. Bàbá yìí kò mọ gbogbo èyí nígbà tó ń sanwó àyẹ̀wò. Owó àyẹ̀wò ni owó tó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà, òun nìkan ni wọ́n sì máa ń kọ sára pátákó.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ibi yìí wá sọ pé kí ọkùnrin má ṣe àyẹ̀wò PSA. Jẹjẹrẹ próstéètì ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkùnrin ní Nàìjíríà. Ní Britain, tí àkọsílẹ̀ wọn péye, ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ni yóò ní in nígbà ayé rẹ̀. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham bó ṣe kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin bá ti ní in, ewu tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ní Britain àti Amẹ́ríkà fi ní kí aláwọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ PSA láti ẹni ọdún 45, kó má dúró di ìgbà tí ìtọ̀ bá ń ni ín lára.

Èrè tó wà níbẹ̀ náà ní ìṣirò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin náà fún nǹkan bí ọdún 23, gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2025. Nínú àwọn tí wọ́n ń pè fún àyẹ̀wò PSA, iye àwọn tí jẹjẹrẹ próstéètì pa fi ìdá 13 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí wọn kò pè. Èèyàn 456 ni wọ́n pè kí ẹ̀mí ọ̀kan tó là lọ́wọ́ àrùn náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ìyẹn ní kékeré. Ìdílé ẹni tó là náà kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí irú àyẹ̀wò báyìí ní kí wọ́n má ṣe é mọ́ lọ́dún 2012, ó sì yí ohùn padà lọ́dún 2018, ó ní kí ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 55 sí 69 jókòó pẹ̀lú dókítà rẹ̀ kó sì pinnu fúnra rẹ̀.

Ibi tí PSA ti ń sọ òótọ́ tí kò ní àbùlà ni ẹ̀yìn ìtọ́jú. Ẹni tí wọ́n ti yọ próstéètì rẹ̀ kúrò kò yẹ kó tún ní PSA tó ṣeé rí nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ó jẹ́ 0.1, oṣù mẹ́ta sí i ó di 0.2, ó tún di 0.4, nǹkan kan ti ń hù níbì kan, wọ́n sì lè mọ̀ ọ́n kí egungun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi owó àyẹ̀wò rẹ̀ du ara rẹ̀, kódà bí ọjà kò tà.

Àwọn orúkọ yòókù kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. CEA ni Phil Gold àti Samuel Freedman rí nílùú Montreal lọ́dún 1965. Wọ́n ń fi ṣọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń mu sìgá lè ní in lápọ̀jù láìsí jẹjẹrẹ kankan, ẹni tó sì ní jẹjẹrẹ ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè má ní in lápọ̀jù. Ní ti AFP, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi wò, pàápàá lára ẹni tó ti ní àrùn mẹ́dọ̀wú irú B tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, wọ́n sì máa ń fi àwòrán inú tì í lẹ́yìn. Oníṣòwò tí kò tíì mọ̀ bóyá òun ní mẹ́dọ̀wú irú B, tó wá ń sanwó AFP, ti fi ẹsẹ̀ kejì síwájú èkíní. Àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, bí kò bá sì ní in, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó ń dí i lọ́nà.

CA-125 ni wọ́n ń tà fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Robert Bast àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní Boston lọ́dún 1981 fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, àrùn tó máa ń fara pa mọ́ títí yóò fi pẹ́ jù. Àmọ́ nǹkan oṣù lásán ń mú un ga, oyún ń mú un ga, iju inú ilé ọmọ náà ń mú un ga, ta ni kò sì mọ bí iju ti wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn obìnrin wa? Ní Britain, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 200,000 jọ láàárín ọdún 2001 sí 2005, wọ́n ń fi CA-125 àti àwòrán inú ṣọ́ àwọn kan nínú wọn lọ́dọọdún. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2021, iye tí àrùn náà pa nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ àti nínú àwọn tí wọn kò ṣọ́ kò yàtọ̀ síra. Obìnrin tó sanwó CA-125 láti fi balẹ̀ ọkàn ra ohun tí kò sí lórí igbá.

Ti ọmú náà kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn. Àmì inú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń fi ṣọ́ àwọn tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, CA 15-3 ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò láti fi mọ̀ bóyá ẹnì kan ní in. Obìnrin tó bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú rẹ̀, kó lọ fi han dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, ohun yòówù kí ìwé ẹ̀jẹ̀ sọ.

Ọjà tuntun ti wá dé báyìí, owó ńlá sì wà nídìí rẹ̀. Dípò èròjà, DNA ni wọ́n ń wá, ìyẹn DNA tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ta ló ni ọmọ. Jẹjẹrẹ máa ń já DNA rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀rọ òde òní sì lè rí àjákù náà. Lọ́dún 2016, FDA fọwọ́ sí àyẹ̀wò kan tó ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ irú oògùn tó máa bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan mu. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí Shield, ti ilé iṣẹ́ Guardant, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá lára ẹni tó ti pé ọdún 45. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbà á wọlé, ó rí ìdá 83 nínú 100 àwọn tó ní jẹjẹrẹ náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ní kókó ìfun tó lè di jẹjẹrẹ lọ́la, tí ó sì rọrùn láti gé kúrò lónìí, ìdá 13 nínú 100 péré ló rí.

Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni Galleri, tí wọ́n ní ó ń wá irú jẹjẹrẹ tó lé ní 50 nínú ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì. Ilé iṣẹ́ Grail ló ni ín. Ara Illumina ni Grail ti jáde lọ́dún 2016, owó Bill Gates àti ti Jeff Bezos sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2021, ọdún tí wọ́n gbé Galleri sọ́jà ní Amẹ́ríkà, Illumina tún ra Grail padà ní bílíọ̀nù dọ́là tó lé ní 7, láìdúró de ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 432 yúrò lé e lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù sì sọ lọ́dún 2024 pé àwọn tó dá ẹjọ́ náà kò láṣẹ láti dá a. Kó tó dìgbà yẹn, Illumina ti tú Grail sílẹ̀. Gbogbo ìjà yìí lórí àyẹ̀wò tí FDA kò tíì fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sì ń fi dọ́là 949 rà lápò ara rẹ̀.

Kí ni dọ́là 949 ń rà? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 6,621 wò. Galleri tọ́ka sí 92 nínú wọn pé ó jọ pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìwádìí, 35 ló ní in lóòótọ́. Àwọn 57 yòókù ti sáré kiri láti ilé àwòrán kan sí òmíràn, oorun ò sì kún ojú wọn. Fún àyẹ̀wò tó ń wá oríṣiríṣi jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà, iye yẹn kò burú rárá. Ẹni tó bá máa sanwó rẹ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá tọ́ka sí òun, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, bí wọn kò bá sì tọ́ka sí òun, kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Ẹni tó bá ń ronú láti fi owó sínú òwò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé Theranos. Lọ́dún 2014, bílíọ̀nù 9 dọ́là ni wọ́n ń dá lé ilé iṣẹ́ náà, nítorí Elizabeth Holmes tó dá a sílẹ̀ sọ pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka tó fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ náà kò lè ṣe é. Ọdún 2018 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọkùnrin kan wá jẹ́rìí pé PSA tí Theranos kọ fún òun ga débi tí ẹ̀rù jẹjẹrẹ fi ba òun, nígbà tó jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Lọ́dún 2022, wọ́n dá Holmes lẹ́bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún 11. Ẹ̀sùn pé ó tan àwọn tó dá owó sínú òwò ni wọ́n fi mú un o. Lórí ti àwọn aláìsàn, wọn kò dá a lẹ́bi.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ ná owó rẹ̀ dáadáa lè kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àyẹ̀wò: bí iye yìí bá ga, kí ló kàn, èló sì ni? Bí wọn kò bá lè dá a lóhùn, kó mú owó rẹ̀ dání lọ bá dókítà. Ilé àyẹ̀wò kan náà ló dára kó máa lò bó bá jẹ́ àyẹ̀wò àtìgbàdégbà, nítorí ẹ̀rọ ilé kan lè ka PSA yàtọ̀ sí ti ilé kejì, àtúnṣe kékeré sì lè dà bí ìròyìn búburú. Kó tọ́jú gbogbo ìwé náà sínú fáìlì kan, bó ṣe ń tọ́jú rìsíìtì. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, oníṣòwò kékeré àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ó tó forúkọ sílẹ̀, kó béèrè èwo nínú àwọn àyẹ̀wò yìí ni ètò náà ń san, àti pé bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ, ibo ni owó wọn ń dúró sí.

Ọ̀gá kan tún lè fẹ́ ṣe inú rere, kó sanwó àyẹ̀wò fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tuntun. Ó dára, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó èsì fún. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ ọ̀rọ̀ ìlera ẹnì kọ̀ọ̀kan di àṣírí rẹ̀, òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀gá ló sanwó, òun ni yóò gba rìsíìtì. Orúkọ ọmọ iṣẹ́ ni yóò wà lára àpòòwé èsì, òun ni yóò sì ṣí i.